Ẹ̀dà Ìwé Ẹgbẹ́ àti Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, a ti sọ ọ́ ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, a sì ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ẹ̀ka wa ra àpótí kọ̀ǹpútà méjì tí a ó máa fi ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ pamọ́ sí, kí a sì fi ẹ̀nà dì í kí ojú olójú má lè kà á. Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo tọrọ àyè nínú ìwé ìròyìn wa yìí kí n sọ èrò ọkàn mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Èlùbọ́ àti epo pupa ni mo ń tà. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, kí àwọn tí wọ́n mọ̀wé jù mí lọ bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó rí i tó mi, nítorí ọwọ́ mi ni ìwé ẹgbẹ́ wà nígbà tí ó parun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lọ́dún 2019 ni a kó ìwé ẹgbẹ́ kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà. Àbúrò wa kan tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó bá wa tò ó. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta, ó sì sọ apá kọ̀ọ̀kan di kọ̀ǹpútà tí ó dá dúró. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni èmi ń pè é. Ẹ rò ó bí ilé tí a ń gbé ní Sábó: òrùlé kan, ògiri kan, yàrá púpọ̀, olúkúlùkù ayálégbé ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò sì rí ohun tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹnìkejì. Yàrá kìíní wà fún orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣù àti owó ìsìnkú. Yàrá kejì wà fún àjẹẹ́ṣẹ́kù. Yàrá kẹta wà fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ètò náà dára, nítorí bí yàrá kan bá dàrú, àwọn méjì yòókù kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá jó, gbogbo yàrá ni yóò bá a jó.

Ní òjò èṣí, iná ọba lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì padà dé pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wọn jó ní àdúgbò wa kò lè gbàgbé alẹ́ náà. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní òwúrọ̀, òórùn ohun tí ó jóná ni ó kí mi káàbọ̀. Èmi sì ni mo kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ ọdún pé, “Ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ wà ní ìpamọ́.” N kò purọ́, ẹ̀dà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú àpótí kọ̀ǹpútà kan náà ni ó wà, lórí díìsìkì kejì, iná kan náà sì ni ó sun àwọn méjèèjì. Ohun tí ó kù fún wa ni fíláàṣì kan tí a kọ ìwé sí ní oṣù méje ṣáájú. Oṣù méje ìwé ẹgbẹ́ ni ó lọ bí ẹ̀fúùfù.

Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ náà parí nígbà tí a gba káàdì lọ́wọ́ olúkúlùkù tí a sì tún ìwé kọ. Kò parí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wa kú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì láti gba owó ìsìnkú, a kò rí káàdì ọkọ rẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ tí ó wà nínú fíláàṣì fi hàn pé ó jẹ gbèsè tí ó ju oṣù mẹ́fà lọ, òfin wa sì sọ pé ẹni tí ó bá jẹ tó bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó náà. Àwọn kan sọ pé ó ti san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ọdún. Èmi pàápàá rántí pé ó kówó fún mi, ṣùgbọ́n n kò lè búra iye tí ó jẹ́. Ìpàdé mẹ́ta ni a fi jiyàn. Owó yíyá ni obìnrin náà fi gbé òkú ọkọ rẹ̀ dé ilé. Ní ìgbẹ̀yìn a fún un ní ìdajì, bí ẹni ta sàárà fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó rí risíìtì nínú àpò agbádá ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti san gbogbo owó rẹ̀ pé pérépéré, ìfọwọ́sí èmi gan-an ni ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

A san ìdajì tí ó kù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ìtìjú tí a fi kan opó náà láàárín àwùjọ? A pe ọkọ rẹ̀ ní onígbèsè kí ilẹ̀ ibojì rẹ̀ tó gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò kan òun, kí ó bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò jẹ́rìí fún òun ní ọjọ́ tí òun kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ti bá. Ní ilẹ̀ Faransé, ní March 2021, ilé ńlá kan tí ó kún fún kọ̀ǹpútà jóná ní ìlú Strasbourg. OVHcloud ni orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ni ín. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n rò pé àwọn ní ẹ̀dà, àṣé ọgbà kan náà ni ẹ̀dà náà wà, iná sì kó méjèèjì lọ. Ní January 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, tí í ṣe ilé iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣèèṣì pa ìwé pàtàkì rẹ́. Nígbà tí wọ́n yíjú sí onírúurú ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣe, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ni ti èmi tí mo ń wọn èlùbọ́?

Àwa náà ní ìtàn tiwa. Nígbà tí ọjà ńlá Jos jó ní 2002, àti nígbà tí ọjà Sábọ́n Gàrí ní Kano jó ní 2016, ọjà tí ó jó nìkan kọ́ ni àdánù. Ìwé àwìn jó pẹ̀lú, ẹni tí ó jẹ ọ́ ní gbèsè sì di ẹni tí ó ń kọjá lára rẹ láì kí ọ. Àwọn àgbà wa kò sì gbàgbé Ghana. Ní November 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbé-ìlú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi wà ní Tamale nígbà náà. Ó gbé aṣọ, ó gbé ìkòkò, ó gbàgbé ìwé àwìn rẹ̀ sínú ìsọ̀. Títí ó fi kú, bí ó bá jẹun yó ní alẹ́, a máa ka orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó bí ẹni ń ka oríkì. Ó rántí orúkọ, kò rántí iye. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwé tí ó jó kò ní ẹwà kankan tí yóò bù sí i.

Nítorí náà, kí ni a fẹ́ ṣe? Mo jókòó ti àbúrò wa náà ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, mo ní kí ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ọdún méje. Ó ní ìlànà kan wà tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé: kí ìwé jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jìnnà sí ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Ṣé ọ̀nà kan ò wọ ọjà?

Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní oore kan. Bí ó ti wù kí ó tóbi tó, lójú díìsìkì ìwé ńlá kan ni. Nítorí náà a lè da gbogbo rẹ̀ kọ pọ̀: lẹ́jà, tábìlì akọ̀wé, àga, àti ìkọ̀wé tí ó wà lórí tábìlì. Bí kọ̀ǹpútà wa bá jó lónìí, a lè gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́la, kí ó sì jí bí ẹni tí ó sùn. Ètò tí àbúrò wa fẹ́ lò ni a ń pè ní Proxmox Backup Server. Àwọn ará Vienna ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ṣe é, ẹ̀dà rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ pé sì jáde ní November 2020. Ọ̀fẹ́ ni láti lò. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń tà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń gé ìwé ńlá náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu fún èlùbọ́. Ègé tí ó bá ti wà nínú àká tẹ́lẹ̀, kò ní tún un kó wọlé. Ègé tí ó bá yí padà láti àná nìkan ni yóò gbé. Nípa bẹ́ẹ̀, alẹ́ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ pọ̀. Láti alẹ́ kejì lọ, ẹrù náà a máa fúyẹ́, kò sì ní jẹ dátà púpọ̀.

Àká kìíní yóò wà ní ilé-ìwé wa, kì í ṣe ní ọ́fíìsì, kí iná kan má baà tún kó méjèèjì. Àká kejì yóò wà ní ilé, ní ìhà Ìwọ̀-oòrùn, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ìlú tí a bá fẹnu kò sí. Íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò máa gbé àfikún lọ síbẹ̀ ní òru. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbọ́kàn lé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ní March 2024, wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ bánkì sì dákẹ́ ní Nàìjíríà. Ní October ọdún kan náà, iná ọba lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àká tí ó wà nítòsí ni yóò gbà wá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó jìnnà ni yóò gbà wá ní ọjọ́ tí ohun tí ó burú ju òkùnkùn lọ bá dé.

Wàyí o, mo dé ibi tí ìjà wà. Àwọn kan gbà pé kí a ṣe ẹ̀dà, ṣùgbọ́n wọ́n bínú sí ẹ̀nà. Bàbá wa kan dìde ní ìpàdé, ó ní, “Kí ni ẹ fẹ́ fi pamọ́? Ṣé olè ni wá?” Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ohun tí ó wà nínú ìwé yẹn. Orúkọ olúkúlùkù wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlú rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, ilé tí ó ń gbé, ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye ọmọ rẹ̀, ẹni tí yóò jogún rẹ̀ àti iye tí ó ní nínú àjẹẹ́ṣẹ́kù. Àwa tí a ti pẹ́ níhìn-ín mọ Kaduna ní 2000, a sì mọ Jos ní 2001. N kò sọ èyí láti ba àárín àwa àti àwọn onílé jẹ́. Nínú wa níhìn-ín ni àwọn kan wà tí aládùúgbò wọn tí í ṣe Hausa fi wọ́n pamọ́ sínú yàrá ìyàwó rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní gbàgbé oore náà láé. Ṣùgbọ́n ènìyàn burúkú wà nínú gbogbo ẹ̀yà, kò sì yẹ kí a kọ àdírẹ́sì gbogbo wa sínú ìwé kan kí a sì gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà náà sì ni yóò wà. Ẹrù alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ tóbi ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì wa lè gbé lọ sí ilé. Díìsìkì ni a ó fi kó o, nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bí ó ti rí. Bí àwọn ọlọ́ṣà bá dá ọkọ̀ náà dúró ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé a fi ẹ̀nà dì í, irin lásán ni wọ́n gbà. Bí a kò bá dì í, a ti fún wọn ní ìwé tí ó sọ ẹni tí ó lówó nínú wa àti ilé tí ó ń gbé.

Ẹ̀nà kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ta ni kò mọ àrokò tí àwọn baba ńlá wa ń fi ránṣẹ́, tí ẹni tí ó gbé e kò mọ ohun tí ó ń wí? Àwọn ìyá wa ní ọjà sì ń fi ẹ̀nà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú oníbàárà, tí oníbàárà yóò kàn máa wo ẹnu wọn. Ti kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀, àfi pé ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ètò yìí ń lò ni a ń pè ní AES. Ọkùnrin méjì ará Belgium, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ni wọ́n ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sí i ní 2001. Iye kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣeé ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá kọ oókan sílẹ̀, a ó kọ òdo 77 tẹ̀ lé e. Kò sí olè tí yóò dán gbogbo rẹ̀ wò kí ayé tó parí. Ohun tí ó sì tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé ọ́fíìsì wa níhìn-ín ni a ó ti dì í kí ó tó jáde. Ẹni tí ń tọ́jú àká fún wa ní ilé yóò gbé ẹrù náà sílé, ṣùgbọ́n kò ní rí inú rẹ̀.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Ní June 2023 ni a fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà. Ó ní kí ẹni tí ó bá kó orúkọ àti ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn jọ dáàbò bò ó, ó sì dárúkọ fífi ẹ̀nà dì í gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ọ̀nà àtiṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dẹ́rù bà mí nínú ẹ̀nà, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ìwé ti sọnù nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò náà ní Vienna kò lè ṣí i. Àbúrò wa kò lè ṣí i. Ìyá tí ó bí bàbá mi jẹ́ olórí èésú. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń fi èédú fa ilà sára ògiri yàrá rẹ̀, ilà gígùn, ilà kúkúrú, ilà tí ó dábùú ara wọn, òun nìkan ni ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ogún ọdún ni kò fi ṣi owó ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a kò rí i kí ó jí. Àwọn ọmọ èésú kóra jọ síwájú ògiri náà, wọ́n ń wò ó, ògiri náà ń wò wọ́n. Ilẹ̀ oko ni ìdílé wa tà láti fi tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Òótọ́ ni màmá àgbà fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó bá kọ́kọ́rọ́ lọ sí ọ̀run.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan sọ pé, “Ẹ fún akọ̀wé ní kọ́kọ́rọ́, òun ni ó mọ̀ ọ́n,” èmi akọ̀wé ni mo dìde tí mo ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè kú. Mo lè bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Èṣù lè tì mí. Kò sì yẹ kí a fún àbúrò wa oníkọ̀ǹpútà nìkan, nítorí ìlú òkèèrè ń wu àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹ rántí àpótí owó ẹgbẹ́ láyé àwọn tí wọ́n ṣíwájú wa: àgádágodo mẹ́ta ni ó ní, Alága mú kọ́kọ́rọ́ kan, Akápò mú ọ̀kan, Ìyá Ẹgbẹ́ mú ọ̀kan. Wọn kò pe ara wọn ní olè. Wọ́n kàn mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí ni.

Ètò náà fi àyè gba irú èyí. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kan wà tí ó lè ṣí kọ́kọ́rọ́ ojoojúmọ́. Apá kan rẹ̀ yóò wà nínú kọ̀ǹpútà, kò lè ṣe ju kí ó tilẹ̀kùn lọ. Apá kejì tí ń ṣílẹ̀kùn kò ní sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Inú fíláàṣì àti orí ìwé títẹ̀ ni yóò wà, páásíwọ́ọ̀dù ni a ó sì fi tì í. Ẹni tí ó mú fíláàṣì kò ní mọ páásíwọ́ọ̀dù, ẹni tí ó mú páásíwọ́ọ̀dù kò ní ní fíláàṣì. Àfi kí wọ́n pàdé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé dìbò lé nìyí:

Èkínní, kí a ra àpótí méjèèjì, kí ọ̀kan wà ní ilé-ìwé, kí èkejì lọ sí ilé, kí olúkúlùkù sì ní ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ iná tí ó bá le jù.

Èkejì, kí a fi ẹ̀nà dì gbogbo ẹ̀dà kí ó tó jáde ní ọ́fíìsì.

Ẹ̀kẹta, kí Alága àti Ìyá Ẹgbẹ́ mú fíláàṣì àti ìwé kọ́kọ́rọ́ àgbà, ẹ̀dà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí Akápò àti Olùyẹ̀wò Owó mú páásíwọ́ọ̀dù nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, tí a fọwọ́ sí lẹ́yìn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kú tàbí tí ó fi ipò sílẹ̀, kí a gba tirẹ̀ kí ọjọ́ méje tó pé.

Ẹ̀kẹrin, kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè fi ẹ̀dà kún àká, kí ó má lè pa á rẹ́, bí owó tí a sọ sínú kòlò. Ní May 2017 àrùn kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní WannaCry ti ìwé mọ́ àwọn ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ní Britain, ó ní kí wọ́n sanwó. Bí irú rẹ̀ bá wọ ọ́fíìsì wa, kí ó bá àká ní títì. Kí a máa tọ́jú ẹ̀dà ọjọ́ méje, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ti oṣù méjìlá, nítorí ẹlòmíràn kì í mọ̀ pé ìwé òun ti bàjẹ́ títí oṣù yóò fi kọjá.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ni ó sì ṣe pàtàkì jù lójú mi: ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a jí ọ̀kan nínú ẹ̀dà wọ̀nyí dìde lójú gbogbo ènìyàn. Kí a mú kọ̀ǹpútà mìíràn wá, kí àwọn olùmúkọ́kọ́rọ́ pàdé, kí a ṣí i, kí a sì ka orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta jáde, kí àwọn náà fi káàdì wọn wé e. Àká lè wo àpò tí a dì kí ó sọ pé àpò náà kò ya. Kò lè sọ bóyá kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa ṣì ń ṣí i. Àwa ni a ó dán ìyẹn wò. Kí akọ̀wé kankan má tún kọ “ẹ̀dà wà” sínú ìjábọ̀ láéláé, àfi kí ó kọ ọjọ́ tí a jí i dìde àti orúkọ àwọn tí ó rí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé owó kò sí. Akápò yóò ka iye rẹ̀ fún wa ní ìpàdé, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò iye tí a ná lórí ìpàdé mẹ́ta tí a fi jiyàn lórí òkú ẹnì kan, àti iye ọjọ́ ọjà tí a pàdánù nígbà tí a ń tún ìwé kọ. Ẹ tún rántí ohun tí ètò yìí kò lè ṣe. Ẹ̀nà yìí wà fún ẹ̀dà. Kò dáàbò bo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣì nílò àgádágodo, akọ̀wé ṣì nílò ojú tí ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará, àlejò ni wá níbí, bí a tilẹ̀ bímọ síbẹ̀ tí a sì sìnkú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ ni ilé wa, ìwé ẹgbẹ́ sì ni ìpìlẹ̀ ilé náà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú wa, ó ṣì ń san owó oṣù rẹ̀ láì pẹ́ ọjọ́ kan. Ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti kọ ọ́ sí ibi méjì?” N kò lè dá a lóhùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n rí ohun sọ fún un ní oṣù tí ń bọ̀.

Ire o.

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
AKỌ̀WÉ Ẹ̀KA